Ogun Ọ̀ṣogbo Lórí Tábìlì Kúlúsúmù

Nínú kíláàsì kan ní Jikpan, ní ìlú Minna, ni ogun náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò àti kóró dàbínò ni wọ́n fi jà á.

Kúlúsúmù, ọmọ Àbdùlwàhídù télọ̀, ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì náà ní ẹ̀kọ́ ìtàn. Ìlọrin ni baba rẹ̀ ti wá sí Minna, kò sì padà lọ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Minna ni wọ́n bí Kúlúsúmù sí. Èdè Haúsá ló fi bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré dàgbà, Yorùbá ni ìyá rẹ̀ sì fi ń bá a wí, nítorí náà títí di òní, bí inú rẹ̀ bá dùn, Haúsá ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí inú bá bí i, Yorùbá ni. Kì í pariwo. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń gbóná sí i ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i, ìyá rẹ̀ a sì máa kìlọ̀ fún àlejò pé, "Bí Kúlú bá ti ń rọra sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá a jiyàn mọ́."

Ogun Ọ̀ṣogbo ló ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin lọ dó ti ìlú Ọ̀ṣogbo. Ọ̀ṣogbo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Ìbàdàn wá, wọ́n ká Ìlọrin mọ́ ibùdó lóru láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n tú wọn ká, wọ́n sì mú nínú àwọn jagunjagun wọn. Ìtàn tó le ni, àmọ́ oorun ló ń kun àwọn ọmọ. Oṣù kẹta ni, ooru Minna ti mú, páànù orí kíláàsì ń ta bí ìkòkò gúgúrú. Kúlúsúmù dá ẹ̀kọ́ dúró, ó wò wọ́n. Ó ní kí wọ́n fa àwọn tábìlì pọ̀ sáàárín. Ó mú ẹfun ìkọ̀wé, ó ya odò, ó ya igbó, ó ya ọ̀dàn, ó ya ìlú Ọ̀ṣogbo sí àárín wọn. Ìdérí ìgò tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré di oníbọn Ìbàdàn. Kóró dàbínò tó wà nínú báàgì rẹ̀ láti ìgbà àwẹ̀ di ẹlẹ́ṣin Ìlọrin.

"Ó yá," ó ní. "Ẹ jà."

Aago ìsinmi lù, ẹnì kankan ò jáde.

Ẹni tó bá a sọ ọ́ di eré gidi ni Démiládé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Shango, níbi tó ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti bánà. Ọmọ Ìbàdàn ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Kúlúsúmù ti ń ṣe ẹ̀dà ìbéèrè ìdánwò. Bí iṣẹ́ kò bá sí, eré ogun orí kọ̀ǹpútà ni Démiládé ń ta. Ó ti gba ìlú àwọn òyìnbó káàkiri ayé láti orí àga ike rẹ̀. Nígbà tó rí àwòrán ilẹ̀ tí Kúlúsúmù yà sórí ìwé, ó gbé ohun tó fi ń darí eré kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀.

"Àńtí Kúlú, ẹ jẹ́ ká ṣe é dáadáa. Ẹ ní ìtàn, èmi ní ẹ̀rọ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìjà sì dé.

Bí Kúlúsúmù ṣe kọ́kọ́ ṣe òfin eré náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló lè ṣẹlẹ̀. Ìlọrin yóò dó, Ìbàdàn yóò dé, Ìlọrin yóò sùn, Ìbàdàn yóò kọlù wọ́n. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe ta á tí kò ní parí síbẹ̀. Démiládé ta á lẹ́ẹ̀mejì, ó yán.

"Àńtí, ta ló fẹ́ jókòó ta eré tí wọ́n ti ta tán kí wọ́n tó bí i?"

"Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn."

"Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ n kà á nínú ìwé, kí n lọ sùn."

Ó dun Kúlúsúmù, ṣùgbọ́n ó gbà pé kó ṣe tirẹ̀ wò. Démiládé ṣe é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nínú tirẹ̀, ohun gbogbo ló ṣeé ṣe. Ẹṣin ń sáré nínú igbó bí ẹni wà ní títì Bosso. Wọ́n ta á lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, kí wọ́n tó mọ̀, Ọ̀ṣogbo ti ra ìbọn tí wọn ò tíì rọ láyé nígbà náà, Ìlọrin sì ti kọjá lọ dó ti Èkó, wọ́n ń gba owó ibodè lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí ẹ̀rín tán, Kúlúsúmù ń wo orí tábìlì.

"Démi, ẹ̀rín la rí, a ò rí ogun. Bí ohun gbogbo bá ṣeé ṣe, kò sí ohun tó ní ìtumọ̀ mọ́. Ẹni tó ṣubú lórí tábìlì yìí, kí ló pa á? Ọ̀rọ̀ ẹnu tìẹ ló pa á."

"Tiyín náà ńkọ́? Ẹni tó ṣubú nínú tiyín, àyànmọ́ ló pa á."

Wọn ò rí ara wọn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn èyí.

Obìnrin kan tó wá gba káàdì ìkómọjáde ló tú u fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni òun alára kò mọ̀. Ó ń dúró de iṣẹ́ rẹ̀, Démiládé ní kó jókòó lo Ìlọrin nínú eré náà kí ojú rẹ̀ má baà wúwo. Obìnrin náà wo ibùdó rẹ̀, ó mú kóró mẹ́ta kúrò láàárín, ó tò wọ́n sí etí igbó. Démiládé béèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

"Ṣé n ò ní fi mẹ́gàdì sẹ́nu ọ̀nà ni?" obìnrin náà dá a lóhùn. "Àárín igbó mà ni."

Démiládé pe Kúlúsúmù lórí fóònù, ó sọ fún un. Kúlúsúmù bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ṣé Ìlọrin lè yan ẹ̀ṣọ́ tó pọ̀ sí i lóru náà? Wọ́n lè yàn án. Èèyàn wà, ojú wà, igi wà tí wọ́n lè gùn. Ohun tó há wọn lọ́rùn kì í ṣe àyànmọ́.

"Mò ń bọ̀," ó ní.

Láti ọjọ́ náà ni òfin eré náà ti dúró sójú kan. Ohun tí àwọn ará àtijọ́ kò ní, wọn ò ní fún wọn: ẹṣin kò ní sáré nínú igbó, òjò yóò rọ̀ nígbà tó yẹ kó rọ̀, ìbọn kò ní ju ìbọn ayé ìgbà náà lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n lè ṣe tí wọn ò ṣe, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é. Ìbàdàn yóò wà lábẹ́ ife ike tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, òmíràn nínú àwọn ife náà yóò ṣófo, kí Ìlọrin má baà mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ àfi bí ó bá yan ẹ̀ṣọ́. Kí wọ́n tó ta á, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ka ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sókè, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí gbogbo wọn gbọ́. Ohun kan sì tún wà tí Kúlúsúmù fi kún un, tí Démiládé kò lóye rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n bá mú lójú ogun kò ní kúrò lórí tábìlì. Wọn yóò tò ó sórí ìlà níwájú ẹni tó mú un, yóò wà níbẹ̀ títí eré yóò fi parí, kí ẹni tó rán an lọ máa wò ó.

Eré náà tàn ká. Kíláàsì Kúlúsúmù di kíláàsì tí àwọn ọmọ ń sáré wọ̀. Alhaji Jẹ̀lílì gbọ́ nípa rẹ̀. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìlọrin ní Minna, òun àti baba Kúlúsúmù sì jọ gbé ilé kan nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé ìlú náà. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ẹgbẹ́ yóò tẹ̀ ẹ́, wọn yóò pín in fún àwọn ilé ìwé, wọn yóò fi àmì ẹgbẹ́ síwájú rẹ̀. Kò tíì rí i nígbà náà o. Ó kàn gbọ́ pé ọmọ Ìlọrin ṣe nǹkan ni.

Ẹ̀yìn ìrun Alásàrí ọjọ́ kan ló dé ilé ìyá Kúlúsúmù ní Sauka Kahuta, ojú rẹ̀ le. Wọ́n fún un lómi, kò gbà á.

"Ṣé àlàáfíà ni, Alhaji?"

"Àlàáfíà kọ́. Bilqees sunkún wálé lánàá." Bilqees ni ọmọ ọmọ rẹ̀, kíláàsì Kúlúsúmù ló sì wà. "Wọ́n ní ẹrú Ìbàdàn ni baba ńlá rẹ̀. Wọ́n ń fi kọrin. Níbo ni wọ́n ti gbọ́ ọ? Nínú eré tìẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kúlúsúmù lára. "Ta ló sọ ọ́? N ó bá a wí."

"Má bá ẹnikẹ́ni wí. Eré rẹ ni kó o bá wí." Alhaji fa àga sún mọ́ ọn. "Kúlúsúmù, gbọ́. Mo gbọ́ pé nínú eré yìí, Ìlọrin lè borí."

"Ó ti borí rí, Alhaji. Ẹni tó lò ó ló mọ̀ ọ́n lò."

"Ó dáa. Bó bá lè borí lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ kó máa borí nígbà gbogbo. Ìwọ náà lo ní òpin rẹ̀ lè yí padà, yí i padà síbi tó dáa. Bó bá sì jẹ́ pé ìyẹn le, yọ ìtàn tí wọ́n ń kà ṣáájú yẹn kúrò. Kí àwọn ọmọ kàn máa ṣeré wọn."

"Bí mo bá yọ ọ́, wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n ń yí padà."

"Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, ọmọ mi."

"Aṣọ tí kò bá rí oòrùn rárá, bíbu ló ń bu, Alhaji."

Ìyá rẹ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná gbọ́ bí ohùn ọmọ rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀, ó wí lábẹ́ ẹnu pé, "Ó ti dé nìyẹn."

"Alhaji, ẹ̀yin náà mọ ilé wa ní Ìlọrin," Kúlúsúmù ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹnì kan wà nínú ìdílé wa láyé ìgbà yẹn, Sálíù lorúkọ rẹ̀. Ẹṣin ló ń tọ́jú. Ó bá wọn lọ sí Ọ̀ṣogbo, kò bọ̀. Ọdún gorí ọdún kí wọ́n tó gbọ́ pé Ìbàdàn ni wọ́n mú un lọ, pé ibẹ̀ ló kú sí. Títí dòní, Iléyá kan kì í lọ kí wọ́n má pe orúkọ rẹ̀ mọ́ àdúrà. Bí mo bá wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò ṣẹ́gun wa, níbo ni kí n sọ pé Sálíù lọ? Ṣé ọjà ló lọ?"

Alhaji kò fi ìbínú dá a lóhùn. "Sálíù ti kú, Kúlúsúmù. Bilqees wà láàyè."

Kúlúsúmù wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà, ó sì mọ̀ ọ́n.

"Ó wà láàyè," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ìdí tí n ò fi ní purọ́ fún un nìyẹn."

Alhaji dìde. "Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ò ní lọ́wọ́ sí i."

Lọ́jọ́ kejì, Kúlúsúmù pe ọmọ tó kọ orin náà. Kò nà án. Ó ní kó lo Ìlọrin, ó ní kí Bilqees lo Ìbàdàn. Kí aago tó lù, gbogbo ẹlẹ́ṣin ọmọ náà ti wà lórí ìlà níwájú Bilqees.

"Báwo ló ṣe rí?" Kúlúsúmù bi í.

"Ó dùn mí, Mallama."

"Ó dáa. Bẹ̀ ẹ́."

Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Òbí kan kọ̀wé, òmíràn tẹ fóònù. Ọ̀gá ilé ìwé, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í fẹ́ wàhálà, pè é sí ọ́fíìsì, ó ní kó tọrọ àforíjì ní àpéjọ àárọ̀, kí eré náà sì di ohun ìgbàgbé.

"Ilé ìwé yín ni, sà," Kúlúsúmù dá a lóhùn. "Bí ẹ bá ní n má gbé e wá mọ́, n ò ní gbé e wá. Àmọ́ n ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, n ò ní tọrọ àforíjì." Ó padà sí kíláàsì, ó ká àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ apá, ó sì gba ẹnu géètì jáde lójú gbogbo wọn nígbà tí iṣẹ́ parí. Àwọn ọmọ kan ń pàtẹ́wọ́ lójú fèrèsé. Kò wẹ̀yìn.

Shango ló gbà lọ. Démiládé ti gbọ́, ó ti ń dúró. Kúlúsúmù tẹ́ àwòrán ilẹ̀ náà sórí tábìlì níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa ta eré náà ní Sátidé.

"Àńtí, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún yín. Ọ̀dọ̀ mi ni ẹgbẹ́ Alhaji ti ń tẹ kàlẹ́ńdà. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń tẹ bánà Màólúdì. Ẹ kàn yọ ojú ìwé ìtàn yẹn kúrò, ojú ìwé kan péré. Eré ṣì ni, àbí kò rí bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ lo sọ fún mi pé ẹni tó ṣubú nínú tèmi, àyànmọ́ ló pa á. O jẹ́ kí n mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa nígbà náà, mo sì yí i padà. Irọ́ kejì rèé tí wọ́n ní ká pa. Kí ló dé tí o ò rí èyí?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé Démiládé ní láti tẹ orí sílẹ̀ kó tó gbọ́. "Bó o bá fẹ́ kí n kó ẹrù mi kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ, sọ ọ́. N ò ní bínú."

Démiládé wo títì. Oníkẹ̀kẹ́ Napep kan ń bú ìkejì rẹ̀ ní Haúsá. Ó wọlé lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, bẹ́ǹṣì ló gbé lọ́wọ́.

"Tábìlì yẹn kéré fún èèyàn tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé," ó ní.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbé eré náà síta lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó kọ́kọ́ dé kò wá ṣeré, ó wá jà ni. Bàbá kan tó ń jẹ́ Adémọ́lá ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìbàdàn tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé ọmọ Ìbàdàn lòun. Ó ti gbọ́ pé ọmọkùnrin Nupe kan fi Ìlọrin na Ìbàdàn lórí tábìlì yìí.

"Irọ́ ni!" ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀. "Ìtàn ò sọ bẹ́ẹ̀! Ta ló fún ẹ láṣẹ láti mú kí Ìbàdàn pàdánù?"

"Ẹni tó lo Ìbàdàn ló pàdánù, Dádì. Kì í ṣe èmi."

"Ṣe é kó má ṣeé ṣe!"

Kúlúsúmù fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí Ìlọrin máa borí, ẹnì kan ní kí Ìbàdàn máa borí, àwọn méjèèjì sì ń pe tiwọn ní iyì. Kó tó lahùn, ọkọ̀ kan dúró létí títì. Alhaji Jẹ̀lílì ló sọ̀ kalẹ̀, agbádá rẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́yìn. Àwọn ọlọ́jà ìtòsí ti ń na ọrùn. Ẹni tó ń ta kúnú gbé garawa rẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀.

"Kúlúsúmù!" Alhaji wí lójú gbogbo èèyàn. "Ṣé o rò pé ilé ìwé nìkan ni mo ti fẹ́ kó o gbé e kúrò ni? Mo ní kó o kó o nílẹ̀. Nítorí baba rẹ tó ti kú, kó o nílẹ̀."

Kúlúsúmù rántí pé ọkùnrin yìí ló gbé òun jókòó lórí itan lọ́jọ́ tí wọ́n sin baba òun. Bí ó bá kúnlẹ̀ báyìí tó ní "Ẹ má bínú," ohun gbogbo yóò parí, wọn yóò tẹ eré náà dáadáa, àmì ẹgbẹ́ yóò máa dán níwájú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́. Ó kúnlẹ̀, ó kí i bó ṣe yẹ kí ọmọ kí baba. Ó sì wí láti orí ìkúnlẹ̀ pé:

"N ò ní kó o nílẹ̀, Alhaji. Ẹ jókòó, kí ẹ lo Ìlọrin. Bàbá yìí ń bínú sí mi nítorí Ìbàdàn, ẹ̀yin ń bínú sí mi nítorí Ìlọrin. Ẹ bá ara yín jà. Èmi ò ṣẹ̀ yín."

Àwọn èèyàn hó. "Kai! Mallama!" ni ẹlẹ́kúnú pariwo.

Alhaji wo Adémọ́lá. Adémọ́lá wo Alhaji, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti igi, ó sì jókòó. Ìyẹn ló ṣe é. Alhaji kò lè dúró kí ọmọ Ìbàdàn jókòó dè é. Ó ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, òun náà jókòó.

Kúlúsúmù ka ìtàn náà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn ní láti dákẹ́ kí wọ́n tó gbọ́. Ojú Alhaji korò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmọ́ kò dá a dúró.

Kí Adémọ́lá tó fọwọ́ kan ife kan, Alhaji ti to ẹ̀ṣọ́ yí ibùdó rẹ̀ ká bí ẹni ń ṣe ọgbà. "Tèmi ò ní sùn," ó ní. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Adémọ́lá ń ti àwọn ife rẹ̀ bọ̀ láti inú igbó, ó rọra ń ṣe é, òógùn ń bọ́ lórí imú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ rí i. Wọ́n ṣí ife, oníbọn Ìbàdàn wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n da dáìsì láti fi pinnu ìjà, ibùdó Ìlọrin dúró.

"Alhamdulilahi!" Alhaji fọwọ́ lu itan. "Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí wa?"

"Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀!" Adémọ́lá ń bá Kúlúsúmù jà, kò tiẹ̀ wo Alhaji.

"Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, Dádì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bó ṣe ìbá rí rèé, ká ní wọ́n wà lójúfò."

Bí Alhaji bá dúró síbẹ̀ ni, bóyá Ọ̀ṣogbo ìbá bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti dùn jù. Ìbàdàn ń padà sínú igbó, ó rí ẹ̀yìn wọn, ó kó gbogbo ẹlẹ́ṣin rẹ̀, ó lé wọn wọ inú igbó. Démiládé la ẹnu, Kúlúsúmù fọwọ́ kàn án lápá, ó pa á dé. Nínú igbó, ẹṣin ń rìn bí ìgbín. Adémọ́lá yí àwọn oníbọn rẹ̀ padà. Dáìsì ń bọ́, kóró dàbínò ń kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ sórí ìlà níwájú Adémọ́lá. Nígbà tí àsìkò òjò inú eré dé, kò ṣẹ́ ku ẹni tí yóò ṣọ́ ibùdó, Ìbàdàn sì borí. Adémọ́lá kò pariwo. Ogun náà ti dẹ́rù bà á débi pé kò lè pariwo.

Alhaji ń wo ìlà kóró náà. Ó na ìka sí ọ̀kan.

"Èyí, ta ni?"

"N ò mọ̀, Alhaji," Kúlúsúmù wí. "Ẹ̀yin lẹ ní kó wọ igbó."

Alhaji dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. Àwọn kan rò pé yóò da tábìlì náà nù.

"O le, Kúlúsúmù."

"Bí bàbá mi ṣe bí mi nìyẹn, sà."

"Mo mọ̀. Òun le jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó ń lọ sídìí ọkọ̀, ó dúró. "Ẹgbẹ́ ò ní tẹ̀ ẹ́ o."

"Mo ti gbọ́, Alhaji."

Ẹgbẹ́ kò tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ilé ìwé kò sì gba eré náà padà. Kàlẹ́ńdà ọdún yẹn kúrò lọ́dọ̀ Démiládé lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, Démiládé sì bínú fún ìgbà díẹ̀, kò fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ìdìbò ti kọjá, bánà àwọn olóṣèlú kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gé wọn, ó yí wọn dojú délẹ̀, ó sì tẹ àwòrán ilẹ̀ Ọ̀ṣogbo sí ẹ̀yìn wọn tó funfun. Bó o bá yí pátákó eré náà padà, ìwọ yóò rí ìdajì ẹ̀rín ẹnì kan tó fẹ́ di sẹ́nétọ̀. Bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn, láìsí àmì ẹgbẹ́ kankan, ìtàn náà sì wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé òfin rẹ̀.

Bilqees ń wá ní Sátidé. Awakọ̀ Alhaji ló ń gbé e wá, kò sì sẹ́ni tó béèrè ẹni tó rán an. Ìlọrin ló máa ń lò, ó máa ń pàdánù, ó sì máa ń borí nígbà mìíràn. Bí ó bá borí, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn ní ilé wọn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ rán akọ̀wé wọn sí Kúlúsúmù. Ó ní wọ́n ti rò ó, pé àwọn yóò tẹ̀ ẹ́, bí ó bá lè kàn fi gbólóhùn kan sí i pé Ìlọrin fúnra wọn ló pinnu láti padà sílé. Akọ̀wé náà sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó tiẹ̀ mú obì gúrọ́ọ̀ dání. Kúlúsúmù gba gúrọ́ọ̀, ó fún un ní àga, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ẹ bá mi kí Alhaji," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ẹ ní mo ní rárá."

Eré Ogun Kírìjì ló ń ṣe báyìí, èyí tí Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀ jà fún ọdún gbọọrọ tí ẹnì kankan ò borí. Ó ti ya àwọn òkè rẹ̀, ó ń ya ibùdó. Bàbá Adémọ́lá ti gbọ́. Ó dé ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun ní láti tètè sọ ohun tí kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀. Kúlúsúmù ní kó jókòó. Ó gbé bẹ́ǹṣì sún mọ́ ọn, ó ní kó máa sọ ọ́, òun ń gbọ́, kò sì gbé bírò rẹ̀ kúrò lórí ibùdó tó ń yà.